Òkè Ẹ̀yìn Ilé Abdullah

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Abdullah, ẹ lọ bi Màmá Túbọ̀sún tó ń se oúnjẹ ọmọ ilé ìwé ní Dagenham nílùú Òyìnbó. Kò rí ọkùnrin náà rí o, àmọ́ ó mọ iye ewúrẹ́ rẹ̀. Túbọ̀sún, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló ń ròyìn fún un. Ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù láàárín aṣálẹ̀ Sàhárà lọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àfi lórí òkè kan lábúlé ìtòsí, ilé méjìlá péré, kànga kan. Ẹ̀yìn ilé Abdullah lòkè ọ̀hún wà. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, Túbọ̀sún á gùn ún, á pe ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́rú kan, kò pè. Lọ́jọ́bọ̀, kò pè. Màmá pè é títí, kò wọlé. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ ń wọ ihò lójoojúmọ́, kí ni kò ní rò? Ẹ̀rù bà á débi pé ó bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì Aládúrà wọn lọ ní Heathway. Wòlíì Dúrójayé ní kó dùbúlẹ̀ ṣàdúrà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi àdúrà nìkan ni kó máa mu, kó má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Màmá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn, ó pa fóònù, ó kó méjèèjì sínú báàgì. Ẹ̀bẹ̀ kan náà ló ń bẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta: kí Olúwa ṣáà jẹ́ kóun gbóhùn ọmọ òun. Ẹ má bá a wí o, ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó jáde, ó tan fóònù. Ìpè mọ́kàndínlógún ló bá níbẹ̀.

Ohùn tí Túbọ̀sún fi sílẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Ẹtì ló kọ́kọ́ gbọ́: ìjì iyanrìn ló ba òpó fóònù jẹ́, ara òun le. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín bàtà àwọn ará ìjọ, ó ń sunkún ayọ̀. Ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ń béèrè ìdí tí kò fi gbé ìpè òun. Ti àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ń gbọ̀n.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Orí òkè níbí ni mo sùn. Abdullah náà ń bá mi gbàdúrà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbóhùn yín.”

Wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Inú báàgì lẹkún ọmọ tiẹ̀ wà fọ́jọ́ mẹ́ta. Ojú tì í, inú rẹ̀ bà jẹ́. Ó pè é. Túbọ̀sún gbé e lójú ẹsẹ̀, àmọ́ mímí rẹ̀ nìkan ni Màmá ń gbọ́, àti igbe ewúrẹ́.

“Èmi ni, ọkọ mi,” ni Màmá wí. “Mo wà láàyè.”