Ọjọ́ Ìbí Tí Obed Yá Lò

Ìgbà ìkẹyìn tí Adùnọlá gbọ́ ohùn Obed ọkọ rẹ̀, orí fóònù ni, láti ibùdó rélùwéè Woolwich Dockyard.

"Ìyá Ìyèbíyè, ẹ̀gbọ́n mi ti rántí ọjọ́ tí wọ́n bí mi gan-an! Bí mo bá délé, màá sọ fún ọ."

Kò délé, inú ọkọ̀ ló dákẹ́ sí.

Obed kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀; ọjọ́ ìbí gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò kan ló yá kọ sínú páásípọ́ọ̀tù. Wọ́n bá ń kí ìyẹn kú ọjọ́ ìbí lórí afẹ́fẹ́, Obed á ní, "Ìbejì mi!"

Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ibojì ń retí ọjọ́ ìbí tí yóò kọ sí i. Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún sì ti tún gbàgbé.

"Mummy, ẹ kọ ti páásípọ́ọ̀tù jàre," ni Ìyèbíyè ọmọ wọn wí.

"Kí n purọ́ mọ́ òkú?"

Òkúta ti dúró báyìí. Ọjọ́ ikú wà lára rẹ̀, àyè ọjọ́ ìbí ṣófo.