Òkú Tó Wá Dìbò

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ni a kúrò nílé Bàbá Ansẹ́lmò ní Homewood, lẹ́bàá ìlú Chicago. Èmi ni mo wa ọkọ̀. Màmá mi, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tọ́jú Bàbá nílé, jókòó sẹ́yìn. Bàbá ti ṣe aṣòfin rí ní orílẹ̀-èdè wọn ní Gúúsù Amẹ́ríkà, kí àwọn ológun tó lé wọn jáde. Ìwé ìtàn tí wọ́n kọ ní Chicago níbí dá lórí bí ìjọba ilé wọn ṣe máa ń fi orúkọ òkú dìbò. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà tó wà nílùú yìí fẹ́ yan ààrẹ. Ọkàn Bàbá ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀; wọ́n mọ̀ pé ìbò ìkẹyìn àwọn nìyẹn.

Nígbà tí a dé ibùdó ìdìbò, ọ̀dọ́bìnrin tó wà nídìí tábìlì wá orúkọ wọn nínú ìwé, ó tún un wá, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Mo kọ́ èdè wọn díẹ̀ nílé ìwé gíga.

“Bàbá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ ti kú.”

Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Òkú wo ló ń bèèrè ṣúgà sí tíì láàárọ̀ yìí?”

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìwé ìrìnnà wọn lélẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní òun ka ìwé wọn ní sẹ́kọ́ńdírì, ojú sì ń ti òun, ṣùgbọ́n ohun tó wà lákọsílẹ̀ lòun gbọ́dọ̀ tẹ̀lé.

“Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn pé òkú wá, kó o sì kọ aago tó wá.”

Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá mirí. Ó pa ìwé náà dé.

Nínú ọkọ̀, Bàbá bi mí ohun tí mo rí. Mo ní wọ́n jí ìbò wọn.

“Mi ò bi ọ́ ní ohun tó o rò.”

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ilé ìwòsàn kan: aago, tábìlì, ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́, orí tí ọ̀gá mì. Màmá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí mò ń sọ èyí fún, mi ò mọ ẹni tó pa Bàbá sínú ìwé. Ó lè jẹ́ àṣìṣe. Wọ́n ní wọ́n dá àwọn mìíràn padà láàárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí. Olóṣèlú tí Bàbá ń bá jà ló wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Ìbò kan kì bá tí dí i lọ́wọ́. Màmá máa ń sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Bàbá ò ní ogún ọdún. Wọ́n kú kí ìgbà òtútù ọdún yẹn tó tán. Mo ti fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí àjọ ìdìbò wọn, wọn ò fèsì.

Ohun ìkẹyìn tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, nínú ọkọ̀ mi, Bàbá Ansẹ́lmò fọwọ́ sí ìwé náà. Wọ́n kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn.