Káfíńtà Tó Gbọ́ Ìdajì Ẹ̀kọ́

Ọjọ́ tí káfíńtà lé àlejò pàtàkì dìde lórí àga ni gbogbo àdúgbò wá mọ̀ ọ́n.

Alábòójútó àwọn ìjọ ló wá bẹ ṣọ́ọ̀ṣì wọn wò. Ọkùnrin náà sanra, ó sì ti rìn jìnnà. Ó wọlé, ó rí àga tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó fìdí lé e. Káfíńtà dìde láti ẹ̀yìn pátápátá. Ó rìn lọ síwájú, ó tẹrí ba.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde.”

“Kí ló dé? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ ni?”

“Èmi ni mo kàn án sà, kò lè ṣẹ́. Mo ti yà á sọ́tọ̀ fún Olúwa ni.”

“Iṣẹ́ Olúwa náà ni mo wá jẹ́.”

“Mo mọ̀ sà. Ṣùgbọ́n kò rán yín pé kẹ́ ẹ wá jókòó sórí àga òun.”

Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni wọ́n gbé wá fún alábòójútó. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìwàásù tó máa ń gbà á ní wákàtí méjì, kò tó ìdajì wákàtí tó fi parí. Ìjọ kò jẹ́ kí ayọ̀ wọn hàn lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, ó tó èèyàn mẹ́fà tó lọ bọ káfíńtà lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Yàásọ́tọ̀.

Kì í ṣe aláfojúdi. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ló kó bá a.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni. Ọmọ kékeré ni pásítọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó ti lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀, ó sì mọ Gíríìkì díẹ̀. Ó ní níbi tí àwa ti ń ka “mímọ́” nínú Májẹ̀mú Tuntun, hágíọ́sì ni àwọn tó kọ ọ́ kọ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ sára pátákó.

“Ẹ má rò pé ohun tí a fi ọṣẹ fọ̀ ló ń wí,” pásítọ̀ sọ. “Ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run ni. Kò sí láàárín àwọn yòókù mọ́. Ó ti di tirẹ̀.”

Káfíńtà na etí. Ogún ọdún ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èyí ni àkọ́kọ́ tó jọ iṣẹ́ ọwọ́. Òun náà máa ń ya pákó sọ́tọ̀: tútù lọ́tọ̀, gbígbẹ lọ́tọ̀, èyí tó ní kókó lọ́tọ̀. Ó mi orí. Ìgbà náà ló rántí pé òun gbé gọ́ọ̀mù tí òun fi ń lẹ pákó kaná ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó sáré jáde.

Pásítọ̀ kò sì tíì parí ọ̀rọ̀.

Ìyàwó káfíńtà, aránṣọ ni, òun jókòó gbọ́ ìyókù. “Ẹ wá wò ó,” pásítọ̀ ní, “bí ẹ bá ya ife kan sọ́tọ̀ fún bàbá yín, ṣé ẹ máa gbé e kọ́ sára ògiri ni? Bàbá máa fi mumi ni. Ọlọ́run kì í ya nǹkan sọ́tọ̀ kó lè máa wò ó. Ó fẹ́ lò ó ni, kó fi ṣe èèyàn lóore.”

Aránṣọ délé, ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú ìkòkò gọ́ọ̀mù tó ti jóná.

“Bàbá, ẹ ò dúró gbọ́ ìdajì kejì.”

“Ìdajì àkọ́kọ́ ti yó mi.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ya òòlù kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí òòlù tilé bá sọ nù, òkúta ló fi ń kan ìṣó, òòlù Olúwa á sì wà lókè tó ń wò ó.

Ó ya adìẹ kan sọ́tọ̀. Adìẹ náà mọ̀. Ó ń sùn sórí aṣọ oníbàárà, ó ń yé ẹyin sínú bàtà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i nídìí.

“Ẹ jẹ́ ká pa á jẹ,” aránṣọ wí.

“Ẹran Olúwa?”

Ní gbogbo òpópónà yẹn, adìẹ kan ṣoṣo ni ogbó pa. Òun ni.

Ṣùgbọ́n pákó ló dun aránṣọ jù. Pákó mẹ́fà ni, ara igi kan náà ni wọ́n ti là wọ́n. Wọ́n pupa, wọ́n fẹ̀, wọn ò ní kókó. Káfíńtà tò wọ́n sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó fi aṣọ bò wọ́n. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni aránṣọ ń kó aṣọ oníbàárà sí, nínú páálí. Eku sì wà nílé.

“Bàbá, ẹ fi pákó yẹn kan kọ́bọ́ọ̀dù fún mi. Ẹyọ kan péré.”

“Mo ti yà á sọ́tọ̀.”

“Fún kí ni?”

“Olúwa ò tíì sọ.”

Ọdún mọ́kànlá, Olúwa ò sọ.

Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ wá bẹ pákó. Tábìlì ìwàásù ti ń mì.

“Bàbá, nínú ilé Olúwa náà ló máa wà.”

“Ẹ̀yin lẹ sọ pé a máa ń yà á sọ́tọ̀.”

“Mo sọ nǹkan mìíràn lẹ́yìn ìyẹn.”

“N ò sí níbẹ̀.”

Pásítọ̀ ká bébà tì sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ń bá ìwàásù lọ.

Nígbà mìíràn, bí aránṣọ bá ń tẹ máṣíìnì, á béèrè láìwojú ọkọ rẹ̀: “Òòlù lọ́tọ̀, adìẹ lọ́tọ̀, pákó lọ́tọ̀. Èmi ń kọ́? Ibo lẹ yà mí sí?” Káfíńtà á ní òun fẹ́ lọ wo gọ́ọ̀mù. Aránṣọ ń fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ gbọ́ èsì.

Lọ́dún kejìlá, eku jẹ aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kan. Funfun ni, aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an tán ni. Apá òsì lọ pátápátá. Aránṣọ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ọkọ rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dá ìyẹn lóhùn.

“Ọlọ́run ò ní eku nílé,” ó ní. “Èmi ni mo ní.”

Káfíńtà wo apá aṣọ náà, ó wo pákó lára ògiri.

Láti ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara rẹ̀. Bí aránṣọ bá gbé oúnjẹ dé, ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbà á. “Má wọlé. Mo ń ya nǹkan sọ́tọ̀.” Aránṣọ pẹ̀yìn dà. Ó ní ó kù díẹ̀ kí ọkọ òun ya ilẹ̀kùn pàápàá sọ́tọ̀.

Kò pẹ́ sí i ni òtútù àyà mú káfíńtà, kò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. “Ilẹ̀kùn kejì,” ó ní. “Ó ku ilẹ̀kùn kejì.” Aránṣọ dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó padà dé, ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àárẹ̀ kò jẹ́ kó ṣàlàyé.

Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, káfíńtà òdìkejì òpópónà, wá bá opó.

“Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká fi pákó yẹn kan pósí rẹ̀. Ó jọ pé ohun tí Olúwa ń dúró dè nìyẹn.”

Aránṣọ ní kí wọ́n máa gbé e. Ó dùn ún. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, ó dáa náà, ó yà á sọ́tọ̀ títí, ó sì fẹ́ gbé e lọ.

Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ká aṣọ ìbora. Pákó ò sí níbẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ló dúró síbẹ̀, ó ga ju orí aránṣọ lọ. Kò sí àlàfo tí eku lè gbà wọlé, àfi apá kan tó ṣí sílẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wà lára rẹ̀. Èkejì fẹ̀yìn ti ògiri. Káfíńtà ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà, lẹ́tà ńláńlá bí ti ọmọ iléèwé:

TI ARÁNṢỌ. ÌDAJÌ KEJÌ NÌYÍ.

Pákó lásán ni wọ́n fi kan pósí. Olóògbé ò ní bínú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, pásítọ̀ wá kí opó. Ó rí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, ó yà á lẹ́nu, ó na ọwọ́ sí i.

“Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ́wọ́ kúrò. A ti yà á sọ́tọ̀!”

Ohùn ọkọ rẹ̀ gan-an ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó bo ẹnu. Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, aránṣọ tẹ̀ lé e, wọ́n rẹ́rìn-ín títí aránṣọ fi ń wá ohun tí yóò fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ló ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ó kó aṣọ oníbàárà sí i. Tuntun tó rán fún nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ wọlé.

Ọ̀rẹ́ olóògbé ló bá a so ilẹ̀kùn kejì. Kò mọ̀ ọ́n ṣe tó olóògbé. Ilẹ̀kùn náà ń dún bí wọ́n bá ti ṣí i, ọ̀rẹ́ sì ti gbé epo wá lẹ́ẹ̀mejì láti fi sí ìdè rẹ̀. Aránṣọ ò gbà. Bó bá ṣí i láàárọ̀, tí ilẹ̀kùn bá dún, á dá a lóhùn:

“Mo gbọ́, Bàbá.”