Wèrèpè Inú Ẹrù Ewé

Nígbà tí mo ṣì kéré, láàárín àwọn ọdún 1990, Òde Rẹ́mọ là ń gbé. Ilé ìwé wa ní oko obì kékeré kan, àárọ̀ Sátidé sì ni olùkọ́ wa máa ń kó àwọn ọmọ lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èmi kì í lọ, torí pé Sátidé ni ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ àwọn òbí mi. Ohun tí àwọn ọmọkùnrin kíláàsì mi fi ń fòòró ẹ̀mí mi nìyẹn.

"Ọmọ Sátidé! Ìwọ ni Ọlọ́run ní kó sinmi, àwa ló ní ká máa ṣe tìẹ?"

Mo fẹjọ́ wọn sun olùkọ́ títí ó fi sú mi. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó: nettle. Ó ní ewé kan ni nílùú òyìnbó, tó máa ń ta èèyàn lára bí èsìsì tiwa. Ó ní láti ara ewé yẹn ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ fún kéèyàn máa mú ẹlòmíràn bínú.

"Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọ nìyẹn. Ewé lásán ni. Fọwọ́ gbọ̀n ọ́n dànù, kí o jókòó."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi gidigidi.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n rán wa lọ já ewé tí a fi ń di obì. Àwọn ọmọkùnrin náà bá mi di ẹrù tèmi, wọ́n tún gbé e rù mí. Mo rò pé àánú mi ló ṣe wọ́n. Wọ́n ti gbọn wèrèpè sínú ewé! Kí a tó dé títì, ó ti dà sí mi lọ́rùn, ó ti wọ̀ mí lójú. Mo ń ké, mo ń họra, mi ò rí ọ̀nà mọ́.

"Ewé lásán ni! Fọwọ́ gbọ̀n ọ́n dànù!" Ohun tí wọ́n ń pariwo nìyẹn.

Ọsibítù ní Ṣàgámù ni wọ́n gbé mi lọ. Ìyá mi kò yéé bi dókítà bóyá màá tún ríran. Ojú ọ̀tún là. Tòsì kò ríran dáadáa títí dòní. Olùkọ́ wá kí wa, ó ní eré ọmọdé ni.

Ẹ̀yin ọmọ, ayé ti yí padà. Ilé epo ló wà níbi oko obì yẹn báyìí. Wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwé pé kí ọmọ kan má ṣe fòòró èkejì. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọbìnrin mi sunkún wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ń fòòró òun, tí mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀, eré ni wọ́n ń bá a ṣe."

Mo fa àga, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní mi ò ní dìde níbẹ̀ títí wọ́n á fi pe àwọn ọmọ náà wá.