Ìyá Àgbà Tó Kọ́ Ọbẹ̀ Íńdíà Nítorí Mi

Ó wá di ìgbà wo ká tó tún ríra, Ìyá Àgbà? Áà, ikú ṣe é! Wọ́n ní kí n jókòó bí ọmọ ọlọ́fọ̀, n ò lè jókòó. Mo wọ ilé ìdáná, mo jáde, mo tún wọlé.

Abiyamọ tòótọ́, ẹ̀yin tí òórùn ọbẹ̀ yín ń pe ará Òmù-Àrán wọlé láìránṣẹ́, ẹ rántí ọjọ́ tí mo ti ìlú òyìnbó dé. N ò jẹ ẹran, n ò jẹ ẹja, Yorùbá mi ò sì ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n mú wá fún wa yìí?" Ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Bó bá jẹ́ ewé ló ń jẹ, ẹ jẹ́ ká wá ewé tó dùn fún un."

Bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wo obìnrin ará Íńdíà tó ń se oúnjẹ tí kò lẹ́ran nínú lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Mo ń fi ìwọ̀nba Yorùbá tí mo ń kọ́ lẹ́nu yín túmọ̀, ẹ ń tún mi ṣe. Mo ní kí ẹ yọ aṣọ ẹ̀wà, ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín: "Bíbó là ń bó ẹ̀wà, ọmọ mi. Kò wọ ṣòkòtò!"

Mo tọ́ ọbẹ̀ àkọ́kọ́ wò, mo kígbe. Edé kún inú rẹ̀! Ẹ wò mí bí ẹni ń wo wèrè. "Edé náà ti di ẹran? Adùn ọbẹ̀ mà ni!" Àmọ́ láti ọjọ́ náà, irú ni ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí obìnrin náà fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú mílíìkì gbígbóná, tó sì dì, ẹ fò dìde: "Wàrà nìyẹn! Wàrà àwọn Fúlàní ọjà wa!" Ẹ ránṣẹ́ rà á, ẹ dín in, ẹ kó o sínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú atalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń fi mí ṣẹ̀sín ló lá abọ́.

Nígbà tí àìsàn dé, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Lọ́jọ́ ìsìnkú mi, kí wọ́n pa màlúù wọn. Ìwọ ni kó o se ọbẹ̀ wàrà fún àlejò mi. Má gbé e fún alásè kankan."

Ìyá Àgbà, ojú yín ni mo máa ń wò sè é. Ẹ kì í wọn nǹkan. Ẹ ó bu iyọ̀ lọ́wọ́, ẹ ó wo ojú ọbẹ̀, ẹ ó ní, "Ó ku díẹ̀." Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi báyìí?

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń ka ìwé ètò ìsìnkú yìí, bí abọ́ wàrà bá dé iwájú yín lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, èmi ni kí ẹ bá wí, ẹ má bá òkú wí.

Ìyá Àgbà, mo ti tan iná. N ò ní pe alásè kankan. Ẹ má dúró dè mí mọ́. Ẹ sùn re o, ìyá mi.