Rélùwéè Tí Bàbá Mi Ń Retí

Òórùn Àboníkì ló máa ń jí mi ní ilé wa ní Mówè. Bàbá mi ló máa ń fi pa orúnkún kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà yẹn. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Kó tó dé, a ti sùn. Ọjọ́ Sunday nìkan la máa ń rí i, bá a bá sì ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, oorun ló kàn.

Lọ́jọ́ kan, àwọn kan wá wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n ri èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí ẹ̀, wọ́n ní rélùwéè máa gba ibẹ̀ lọ sí Èkó. Háà, inú bàbá mi dùn! Fúnra rẹ̀ ló ń ro ìdí àwọn èèkàn náà kí koríko má bò wọ́n. Ó ní, "Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa máa bá yín jẹun alẹ́." Bí màmá mi bá ní òun ò gbúròó wọn mọ́, á ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba." Màmá mi, ẹlẹ́nu mímú, á dáhùn pé, "Kó yára pè é o, kí baba tó lọ."

Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ sinmi, bàbá mi lọ gẹrun, ó fá irùngbọ̀n, ó wá kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan. Káyọ̀dé àbúrò mi, tí ò tíì tó ọmọ ilé ìwé, ló ṣí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ káàsán sà. Mọ́mì ò sí nílé. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Sunday, dádì wa máa wà ńlé."

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gbé e mọ́ra, ó ní, "Èmi nìyí, Káyọ̀dé. Èmi ni dádì ẹ." Ọmọ bú sẹ́kún, ó ń nawọ́ sí mi kí n gba òun.

Àwọn tó ri èèkàn ò padà wá. Àìsàn dá bàbá mi wólẹ̀, ó sì kú kí Káyọ̀dé tó jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí wọra títí dòní.

Lọ́dún yìí, wọ́n tún ní rélùwéè ń bọ̀, pé yóò dé Ifọ̀, Ìbàfo àti Mówè. Inú àwọn aládùúgbò mi ń dùn ṣìnkìn. Káyọ̀dé pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti gbọ́?" Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń sáré gbà lọ wò bóyá rélùwéè ti dé. Àgbà tí mo wá dà yìí, ẹkún ni mo ń sun. Bó dé lọ́la, bàbá mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀.