Tíṣà Lanu

Àbúrò mi ọkùnrin ni Tíṣà Lanu. Orúkọ àbísọ rẹ̀ kọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló fún un. Láràárọ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á káwọ́ sẹ́yìn, á ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lanu, á sì gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹnu bá ń run oúnjẹ, ọmọ wọlé. Bó bá jẹ́ ọṣẹ ìfọyín nìkan, ó di ọ̀dọ̀ èmi tí mò ń dáná ilé ìwé, kí n bu ẹ̀wà fún un kó tó fojú kan ìṣirò. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àbúrò mi gba òwe yìí gbọ́ ju ẹni tó kọ́kọ́ pa á lọ.

Ọ̀gá ilé ìwé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní olùkọ́ lòun gbà, òun ò gba ajá ọdẹ. Ó ránṣẹ́ pe ìyá alábẹ̀wò kan: bí ìyẹn kò bá rí àǹfààní ẹ̀wà náà nínú ìṣirò, ilé ìdáná mi yóò di ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, àbúrò mi gbé áyọ́ọ̀nù, ó lọ ṣòkòtò, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì, kò fi aṣọ ìnujú sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹyin síwájú rẹ̀, àmọ́ àbúrò mi ní òun á jẹ ẹ́ bí òun bá dé.

Mo yọjú lójú fèrèsé kíláàsì, mo rí ọ̀gá àti ìyá alábẹ̀wò tí wọ́n jókòó sẹ́yìn. Àbúrò mi kọ mẹ́fà lọ́nà márùn-ún sójú pátákó, ó dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀: ogún. Àwọn ọmọ wojú ara wọn. Ó pa á rẹ́, ó kọ ogójì. Inú rẹ̀ wá kùn débi pé ọmọ kan wo òkè bóyá àrá ló sán. Ọ̀gá ilé ìwé ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọmọbìnrin kékeré kan, oníbàárà mi àtijọ́, dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lanu.”

Kí ni àbúrò mi fẹ́ ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó lanu. Ọmọ náà gbóòórùn, ó kọjú sí alábẹ̀wò.

“Ọṣẹ ìfọyín nìkan ni, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ jẹun ná.”

Mo sáré lọ bu ẹ̀wà. Nígbà tí àwo mọ́, àbúrò mi padà, ó kọ ọgbọ̀n gbàgàdà, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ìyá alábẹ̀wò ní òun ò nílò ẹ̀rí mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilé ìdáná. Ó wá rọra bi mí bóyá ẹ̀wà ṣì kù, torí tíì lásán lòun mu láti àárọ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé kì í fi oúnjẹ àárọ̀ ṣeré mọ́. Ẹ̀rù ọmọbìnrin yẹn ń bà á.